OWÓ AKÁRÍ: TÍ OWÓ BÁ Ń DÉ LÓṢOOṢÙ LÓRÚKỌ ẸNI, KÍ LÓ MÁA Ń YÍ PADÀ?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fà á nílẹ̀ òkèèrè, tó sì ti ń dé etí wa níbí náà. Wọ́n ní ó yẹ kí ìjọba máa fún gbogbo ènìyàn lówó lóṣooṣù, olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, láìbéèrè ohun tí kálukú fẹ́ fi ṣe. Basic income ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Owó akárí ni àwa yóò máa pè é lójú ewé yìí, nítorí pé kíkárí rẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé bí ẹ ti ń ka èyí, ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìjọba wo? Owó wo? Ẹ fara balẹ̀. A ò sọ pé owó kankan ń bọ̀ lọ́la o, kí ẹnikẹ́ni má lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ohun tí a fẹ́ sọ ni ohun tí ojú rí níbi tí wọ́n ti dán an wò, pàápàá ibi tí ẹgbẹ́ obìnrin bíi tiwa ti wà nídìí ètò náà. Ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

KÌ Í ṢE ÀYÁLÒ, KÌ Í ṢE OWÓ OLÓRÍ ÌDÍLÉ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ èyí tí kì í ṣe é kúrò. TraderMoni tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018, tó fi 10,000 náírà bẹ̀rẹ̀, kò ní èlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyálò ni. Ẹni tó gbà á, dídá ni kó dá a padà. Owó 25,000 náírà tí wọ́n kéde ní ọdún 2023 fún ìdílé mílíọ̀nù 15, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní àwọn á fi san án, ìdílé ni wọ́n sì pè é fún, wọn ò pè é fún ẹni kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ ìdílé àti ẹni kọ̀ọ̀kan yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Owó tó bá wọlé lórúkọ ìdílé, ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí ìdílé ló máa ń gbà á. Ó lè pín in dáadáa, ó sì lè má pín in rárá. Owó akárí kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá á gba tirẹ̀, ìyá á gba tirẹ̀, ìyá àgbà tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ náà á gba tirẹ̀. Á máa dé lóṣooṣù, kò ní sí pé lónìí ó dé, lọ́la a ò rí i. Ẹnikẹ́ni kò sì ní í béèrè bóyá o lọ́kọ, bóyá o níṣẹ́, bóyá o dìbò fún àwọn.

ÀWỌN ALÁBÀÁRÙ AHMEDABAD

Ní ọdún 1972, obìnrin agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Ela Bhatt kó àwọn obìnrin jọ ní ìlú Ahmedabad lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ta ni wọ́n? Àwọn alábàárù tó ń fi orí ru ẹrù aṣọ kiri ọjà, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹ̀bá títì, àwọn tó ń ránṣọ nínú ilé fún oníṣòwò ńlá, àwọn tó ń ṣa bébà lórí ààtàn. Kò sẹ́ni tó ka irú iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní SEWA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ní ọdún 1974, nígbà tí báńkì ò fẹ́ dá wọn lóhùn, 4,000 nínú wọn dá rúpìì mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n fi dá báńkì tiwọn sílẹ̀. Kí Ela Bhatt tó kú ní ọdún 2022, ọmọ ẹgbẹ́ ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Mo ní kí n sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, ẹ̀yà tiwa ni wọ́n, bí èdè ò tilẹ̀ jọ ara.

Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ yìí dìde láti dán owó akárí wò ní abúlé mẹ́jọ ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh. UNICEF ló gbé owó sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Bírítéènì kan tó ń jẹ́ Guy Standing sì wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń gba rúpìì 200 lóṣù, ọmọdé kọ̀ọ̀kan ń gba 100, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi tọmọ sí. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n sọ ọ́ di 300 àti 150. Wọ́n wá abúlé méjìlá mìíràn tí kò gba kọ́bọ̀, kí wọ́n lè fi ìkíní wé ìkejì. Abúlé kan ṣoṣo ti àwọn ẹ̀yà orí òkè náà wà nínú àwọn tó gbà á, wọ́n sì ní ẹnìkejì tiwọn tí kò gbà. Gbogbo àwọn tó rí owó náà gbà tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ètò náà gbà tó ọdún kan àtààbọ̀, ó sì parí ní 2012.

Owó náà kò pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi òun nìkan jẹun oṣù kan. Ṣùgbọ́n ó ń dé.

ÌBÒJÚ TÓ KÚRÒ LÓJÚ

Guy Standing máa ń sọ ìtàn kan nípa ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà. Nígbà tí ètò bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ní láti ya fọ́tò fún káàdì ìdánimọ̀. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́bìnrin ibẹ̀ ló bojú. Wọn ò lè ṣí i níta gbangba, inú ilé ni wọ́n wọ̀ lọ kí wọ́n tó lè ṣíjú ya fọ́tò. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó padà síbẹ̀, ó wò yíká, ó sì rí i pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà ò bojú mọ́. Wọ́n pe ọ̀kan, wọ́n bi í léèrè. Èsì rẹ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn àgbà bá ní kí àwọn ṣe ni àwọn gbọ́dọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí àwọn ti ní owó tara àwọn, àwọn lè yan ohun tó wu àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí wọ́n má ṣì mí gbọ́. Ìtàn yìí kò bu ìbòjú kù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bojú tinútinú, ẹ̀sìn wọn ni, ọlá wọn sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ pé kí ìyàwó má bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ. Èmi náà ti di ìyá ọkọ! Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù ebi. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ọ nítorí pé ó mọyì rẹ, àti ẹni tó ń kúnlẹ̀ nítorí pé tí kò bá kúnlẹ̀ kò ní í jẹun alẹ́, ìkúnlẹ̀ wọn jọra lójú, ṣùgbọ́n inú wọn kò jọra. Owó rúpìì 200 yẹn kò fi òfin kankan lé ìbòjú lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà lè yàn.

Ọ̀rọ̀ kejì tó mú mi lọ́kàn jù ni ti ìwọ̀fà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀fà. Àwọn bàbá ńlá wa mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀: wọn á yá owó, wọn á fi ènìyàn dúró, onítọ̀hún á sì máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè á fi tán. Ní àwọn abúlé Íńdíà yẹn, irú rẹ̀ ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilẹ̀ wọn ti fagi lé e láti ọdún 1976. Àìsàn á dé, tàbí ìgbéyàwó ọmọ, tálákà á lọ yá owó lọ́wọ́ onílẹ̀, á sì fi iṣẹ́ ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ san án. Nígbà tí owó akárí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi san gbèsè díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn kò sì nílò láti lọ yá owó tuntun mọ́ tí ibà bá mú ọmọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iye owó ló ṣiṣẹ́ níbí. Owó díẹ̀ tó dé lásìkò tí wàhálà dé ń gba ènìyàn lọ́wọ́ gbèsè tó pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Àwọn yòókù, kí n sáré sọ wọ́n: àwọn ọmọ jẹun dáadáa, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n máa ń bù fún kẹ́yìn. Àwọn ọmọ lọ síléèwé sí i. Àwọn kan ra ewúrẹ́, àwọn kan ra irúgbìn tó dára, àwọn obìnrin kan ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, kò dín kù, àwọn obìnrin ni iṣẹ́ wọn sì pọ̀ sí i jù. Ọtí ńkọ́? Ọtí mímu kò pọ̀ sí i ju ti abúlé tí kò gbowó lọ.

TIWA ŃKỌ́?

Ẹlòmíràn á ní, “Àwa obìnrin Yorùbá ti lówó tiwa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Owó ọkọ lọ́tọ̀, owó aya lọ́tọ̀. A kì í ṣe ará Íńdíà.” Òótọ́ ni. Ìyá tó bí ìyá wa ti ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú owó tó ń wọlé fún wa yìí, èló la lè nawọ́ sí ká sọ pé tiwa ni lóòótọ́, tí kò sẹ́ni tó ti dúró dè é?

Ẹ wo obìnrin tó gba apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́wàá láwìn lọ́wọ́ alágbàtà láàárọ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, mẹ́ta ṣì kù. Oníbàárà kan dé, ó ná an ní iye tí kò tó iye tó gbà á. Obìnrin yìí mọ̀ pé kò tó, oníbàárà náà mọ̀ pé kò tó. Àwọn méjèèjì tún mọ̀ pé ó máa tà á. Kì í ṣe nítorí pé tòmátì á rọ̀ nìkan, nítorí ó lè là á sá sóòrùn. Ohun tó ń lé e ni pé ilé ń retí oúnjẹ, aláàjọ á dé láàárọ̀, olówó èlé á sì dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ó láǹfààní láti tà, kò láǹfààní láti má tà. Ẹni tó ní owó oúnjẹ ọ̀la nílé, tó mọ̀ pé ó dájú bí ilẹ̀ tó ń mọ́, òun ló lè sọ pé, “Ẹ máa gbówó yín lọ, mi ò tà.” Òmìnira tí mo ń sọ nìyẹn. Agbára láti sọ pé mi ò gbà. Ó kan ọ̀rọ̀ ọjà, ó kan ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n ń lù nílé ọkọ tí kò lè kó jáde nítorí kò mọ ibi tí òun àti ọmọ á ti jẹun lóṣù àkọ́kọ́.

Ìdè kan wà tí owó kò lè tú, ẹ jẹ́ ká sọ̀tún sọ̀sì. Ní àwọn abúlé Íńdíà yẹn, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti àwọn onílẹ̀ lẹ́yìn tí ètò parí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá pín 20,000 náírà fún kálukú lóṣooṣù, ẹ̀rù ń bà mí pé aṣọ ẹbí á ti gbé e mì kó tó di ọjọ́ karùn-ún. Kò sì sí òfin ìjọba tó lè sọ fún ọmọ ìyá ẹni pé kó má fi ìnáwó lọni.

Ṣùgbọ́n níbí yìí gan-an ni kíkárí ti wúlò. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ni wọ́n fún lówó ní agboolé, gbogbo agboolé ló máa lọ bá a. Tí kò bá fún wọn, ó di ahun. Tó bá fún wọn, ó tán. Wọ́n tún lè máa wo obìnrin náà pé níbo ló ti rí i. Tó bá jẹ́ gbogbo wa la gbà á lọ́jọ́ kan náà, ta ló máa bẹ ta ni?

ÀJỌ NÍ KẸ́ŃYÀ

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà jẹ́rìí sí èyí. Àjọ kan tó ń jẹ́ GiveDirectly ti ń pín owó níbẹ̀. Ní agbègbè Homa Bay ní ọdún 2015, nígbà tí ètò ìpín-owó wọn dé ibẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìdílé tí wọ́n yàn nìkan ló máa gba owó náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí wọ́n yàn tó kọ̀ ọ́. Wọ́n ní owó èṣù ni, pé ta ló máa fún ènìyàn lówó lásán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rí owó ẹ̀tàn rí, á bẹ̀rù owó òótọ́.

Láti 2018, wọ́n ṣe èyí tó tóbi jù ní Siaya àti Bomet, odindi abúlé ni wọ́n ń fún. Ní abúlé 44, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan á máa gba nǹkan bí 2,250 ṣílè lóṣù lórí fóònù fún ọdún 12. Ní abúlé 80, ọdún méjì péré ni. Ní abúlé 71, wọ́n kó owó ọdún méjì náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé àbọ̀ jáde ní 2023, wọn ò rí ọ̀lẹ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ènìyàn ń fi iṣẹ́ àgbàṣe sílẹ̀, wọ́n ń dá òwò tara wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún lẹ́ẹ̀kan náà dá òwò sílẹ̀, àwọn ọlọ́dún 12 náà dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́dún méjì kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó wọn.

Báwo ni àwọn tó ń gba díẹ̀díẹ̀ ṣe rí owó òwò? Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Àjọ ni wọ́n dá! Wọ́n ń da owó oṣù wọn jọ, ẹnì kan á kó o lóṣù yìí, ẹlòmíràn á kó o lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìwé ńlá kọ yìí, ìyá tó ń ta iṣu lè sọ fún wọn láìgba kọ́bọ̀: ẹni tó mọ̀ pé owó á dé lóṣù tó ń bọ̀ ló lè dá àjọ, ẹni tí kò mọ̀ kò lè dá a. Ohun tí ọdún 12 fi ju ọdún méjì lọ nìyẹn, ìdánilójú.

Ṣé ọjà kò ní gbówó lórí? Ìbéèrè tó yẹ olówò nìyẹn. Ní Siaya kan náà, nínú ètò mìíràn tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n fún ju 10,500 ìdílé lọ ní nǹkan bí 1,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣọ́ owó ọjà kiri. Kò gòkè tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí wọn ò fún lówó rárá sì tajà sí i, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó gbowó ti ń ra nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó tó ti òkè òkun wọlé ni. Lójú tèmi, tó bá jẹ́ pé títẹ̀ ni ìjọba kàn ń tẹ owó láti pín, a ò ní í gbádùn rẹ̀. A ti mọ ohun tí owó tí kò níyì máa ń ṣe fún garawa gàrí.

TA LÓ MÁA SAN ÁN, TA LÓ SÌ LÈ DÁ A DÚRÓ?

Ní Alaska ní Amẹ́ríkà, owó epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ ní 1976, láti 1982 sì ni wọ́n ti ń pín lára èrè rẹ̀ fún gbogbo ará ìpínlẹ̀ náà lọ́dọọdún, tàgbà tèwe. 1,000 dọ́là ni àkọ́kọ́. Kì í pé bákan náà, ọdún kan á pọ̀, ọdún kan á kéré, àwọn aṣòfin wọn sì ń jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni wọ́n kà á sí, wọn kì í kan sáárá sí gómìnà nítorí rẹ̀. Ilẹ̀ tiwa náà lépo, mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Òkè lọwọ́ afúnni ń gbé. Owó tó gbà ọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀ àti olówó èlé lè fi ọ́ lé ọwọ́ olóṣèlú, tó bá jẹ́ pé ojú rere rẹ̀ ló fi ń dé. Ẹ padà wo Madhya Pradesh, ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ SEWA ti ṣe tiwọn. Ní ọdún 2023, tí ìdìbò ku oṣù díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í san rúpìì 1,000 lóṣù sí àkáǹtì àwọn obìnrin, wọ́n sì fi kún un kí ọdún tó parí. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ló wọlé nínú ìdìbò náà. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù obìnrin ló ń gbà á, ó sì ń ṣe wọ́n láǹfààní, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fún ètò náà túmọ̀ sí arábìnrin ọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n kò kárí. Wọ́n fi òdiwọ̀n ọjọ́ orí àti owó tó ń wọlé nílé sí i, wọ́n sì ní obìnrin tó lọ́kọ, tàbí tó ti lọ́kọ rí, ló lè gbà á, bí ọkọ ti kú tàbí tí wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nílé bàbá rẹ̀, tó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ jẹun, tí kò tíì rí ẹni tó wù ú fẹ́, kò sí nínú ìwé wọn.